Kí ló ń pa kàtúùnù àwọn akọni abàmì kí ó tó dé ojú òǹwòran?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ìkéde jáde ní Amẹ́ríkà pé Donald Glover, òṣèré tó tún jẹ́ olórin, àti Stephen àbúrò rẹ̀ yóò ṣe kàtúùnù Deadpool fún àwọn àgbàlagbà, abala 10, tí FXX, ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì iléeṣẹ́ FX, yóò gbé sáfẹ́fẹ́ ní ọdún 2018. Deadpool ni akọni Marvel, iléeṣẹ́ kọ́míìkì, tó máa ń wọ aṣọ pupa, tó gbé idà méjì kọ́ ẹ̀yìn, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tó sì mọ̀ pé inú eré ni òun wà, débi pé ó máa ń kọjú sí òǹwòran láti bá a ṣàwàdà. Sinimá rẹ̀ ti pa owó rẹpẹtẹ ní ọdún 2016, àwọn Glover náà sì wà lẹ́nu aráyé nígbà náà. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 2018, FX àti Marvel kéde pé ẹnu àwọn kò kò pẹ̀lú ti àwọn Glover lórí bí eré náà yóò ṣe rí, pé iṣẹ́ ti parí síbẹ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Donald Glover gbé ojú-ìwé 15 sórí Twitter, ó kọ ọ́ bí ẹni ń kọ ìwé eré. Nínú rẹ̀, Deadpool wà ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ó ń ṣọ́ Sudan, akọ àgbáǹréré funfun ti ìhà àríwá kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù láyé, ẹranko tó kú ní tòótọ́ nínú oṣù yẹn gan-an. Bí Deadpool ti ń ṣọ́ ẹranko náà lọ́wọ́ ló ń bú ramúramù, tó ń bèèrè ìdí tí wọ́n fi fagi lé eré òun. Glover ti kọ̀wé ṣáájú pé kì í ṣe pé òun kò ráyè ṣe iṣẹ́ náà. Àbúrò rẹ̀ fi kún un pé àwọn ti kọ abala kan tó dá lórí Taylor Swift, olórin, pé abala náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín, òun náà ló sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ níkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ tó tan ìmọ́lẹ̀ jù sí ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò ti ẹnu àwọn Glover wá. John Landgraf, ọ̀gá àgbà FX, ló sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Ó ní tó bá jẹ́ ti FX ni, àwọn ìbá ṣe eré tí àwọn Glover kọ, ṣùgbọ́n Marvel kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ìpinnu náà kò sì sí lọ́wọ́ àwọn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: FX ló ni ìkànnì, àwọn Glover ló ni ẹ̀bùn, Marvel ló ni Deadpool. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù.

Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí àwọn olólùfẹ́ kàtúùnù sábà máa ń rò ni pé iṣẹ́ náà kò dára tó, tàbí pé àwọn tó ń ṣe é jà. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá to àwọn kàtúùnù akọni abàmì tí a gbèrò tí a kò sì ṣe láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, a ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò kú nítorí àléébù inú ìtàn. Ẹni tó ń kọ ìtàn Batman kò ni Batman, ẹni tó ń ya Spider-Man kò ni Spider-Man. Ilé tí wọ́n ń kọ́, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló wà, bí onílẹ̀ bá sì ta ilẹ̀ rẹ̀, bó bá jẹ gbèsè tàbí bí ọkàn rẹ̀ bá yí padà, ògiri tó ti dé ìwọ̀n fèrèsé kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni a ó ti rí ìdí tó fi rọrùn láti pa á ní kékeré. Ìwé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ náà ń pe ìwé yìí ní bíbélì eré: ó máa ń sọ ẹni tí akọni náà jẹ́, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, àwọn ọ̀tá rẹ̀, àti ibi tí ìtàn yóò gbà ní sáà kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta. Lẹ́yìn èyí ni àwọn òǹkọ̀wé yóò kọ abala kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ayàwòrán yóò sì ya akọni náà láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn, kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè yà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí àgbọ̀n rẹ̀ má sì yàtọ̀ síra. Wọn yóò wá fi àwòrán wéréwéré to ìran kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn, wọn yóò gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀, wọn yóò sì so àwọn àwòrán náà mọ́ ohùn, kí wọ́n lè wò ó bóyá ìtàn náà ń rìn.

Títí di ibí yìí, owó tí wọ́n ti ná kò tíì le. Ìgbà tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ àwòrán, tó sábà máa ń jẹ́ ní Kòríà tàbí Japan, kí wọ́n wá yà á kó máa rìn, ni owó gidi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Fọ́tò 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kódà bí ayàwòrán bá jẹ́ kí àwòrán kan dúró fún méjì, abala oníṣẹ́jú 22 tí ìrìn rẹ̀ péye lè béèrè àwòrán tó lé ní 15,000. Nítorí náà, bí ẹni tó ni owó bá fẹ́ yẹsẹ̀, kí iṣẹ́ tó kọjá lọ sí òkèèrè ni yóò ti yẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun tó ṣẹ́kù lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn kàtúùnù wọ̀nyí kò ju bébà lọ: akọni kan tó dúró ní ọ̀nà mẹ́ta, aṣọ rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ le, tí kò sì tíì gbé ẹsẹ̀ kan rí.

Díẹ̀ nínú wọn ráyè gbé ẹsẹ̀ kan. Ní ọdún 1989, Marvel Productions, ẹ̀ka kàtúùnù Marvel, ṣe abala kan ṣoṣo nípa ẹgbẹ́ akọni tí à ń pè ní X-Men, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Pryde of the X-Men, ilé iṣẹ́ Toei ní Japan ló sì ya á. Owó tí wọ́n fi ṣe é kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀. Owó abala kẹtàlá kàtúùnù RoboCop ni wọ́n yí sí i, ìyẹn ni RoboCop náà fi parí sí abala 12. Àwòrán rẹ̀ rẹwà títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jẹ́ kí Wolverine, ọ̀kan nínú àwọn akọni náà tó jẹ́ ọmọ Kánádà, máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ Ọsirélíà, ohun tó ń bí àwọn tó mọ ìtàn náà nínú di àkókò yìí. Wọ́n gbé abala náà kiri, kò sí ìkànnì tó fẹ́ ra ìyókù. Ohun tó jèrè rẹ̀ jù ni ẹ̀rọ ìṣeré tí Konami ṣe ní ọdún 1992, èyí tó lo bí àwọn akọni náà ṣe rí nínú abala yẹn.

Margaret Loesch ni ọ̀gá Marvel Productions nígbà náà. Ó kúrò níbẹ̀ lọ ṣe olórí Fox Kids, ẹ̀ka eré ọmọdé ìkànnì Fox, ní ọdún 1990, ipò náà sì ni pé òun gan-an ló wá ń pinnu ohun tí a óò rà. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1992, kàtúùnù X-Men bẹ̀rẹ̀ lórí Fox, ó sì gbé abala 76 jáde kó tó parí ní ọdún 1997. Ó gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Disney fi padà tẹ̀síwájú nínú ìtàn rẹ̀ ní ọdún 2024, lábẹ́ orúkọ X-Men '97. Àwọn akọni tí gbogbo ìkànnì kọ̀ ní ọdún 1989 náà nìyí. Kò sí ohun tó yí padà lára Wolverine tàbí Storm láàárín ọdún mẹ́ta yẹn. Ẹni tó di kálàmù rírà mú ló yí padà.

Captain America kò rí irú olùgbèjà bẹ́ẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, iléeṣẹ́ Saban ń múra láti ṣe kàtúùnù rẹ̀ fún Fox Kids, ìtàn tí yóò gbé e padà sí àkókò Ogun Àgbáyé Kejì. Steve Englehart, tó ti kọ ìwé kọ́míìkì Captain America ní àwọn ọdún 1970, wà lára àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe àwòrán tó ń rìn tí kò gùn lọ títí láti fi hàn bí yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n Marvel ti wọ gbèsè, ó ti sá lọ sábẹ́ òfin àwọn tí kò lè san gbèsè ní oṣù Kejìlá ọdún 1996. Iṣẹ́ náà bá wàhálà yẹn lọ. Òní, tí orúkọ Marvel ń mi ilé sinimá tìtì, ó ṣòro fún ọmọ ogún ọdún láti gbà pé ìgbà kan wà tí iléeṣẹ́ náà kò lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

Èyí tó dun àwọn olólùfẹ́ jù lọ, mo sì gbà pé ó tọ́ kí ó dùn wọ́n, ni The Spectacular Spider-Man. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2008. Greg Weisman, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí iṣẹ́ náà, kò kọ ọ́ bí eré tí ọmọdé yóò kàn máa wò ní àárọ̀ Sátidé kó sì gbàgbé. Ó ti ní ètò abala 65 lọ́kàn, tí yóò sin Peter Parker, ọ̀dọ́ tó ń di Spider-Man, nínú ilé ẹ̀kọ́ girama títí dé ọjọ́ tí yóò jáde níbẹ̀. Ọ̀tá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi sùúrù gbìn: onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a rí nínú abala kìn-ín-ní bí ènìyàn jẹ́jẹ́ lè pẹ́ kó tó di ẹni tí Spider-Man yóò bá wọ̀yá ìjà. Lẹ́yìn abala 26, ó parí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009. Abala 39 tó kù wà lọ́kàn Weisman títí di òní.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Sony ló ṣe eré náà. Sony ló ní ẹ̀tọ́ láti fi Spider-Man ṣe sinimá, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ṣe kàtúùnù tẹlifíṣàn pẹ̀lú. Ní ọdún 2009, ẹ̀tọ́ ti tẹlifíṣàn náà padà sọ́wọ́ Marvel, Sony sì di ẹ̀tọ́ sinimá mú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni Disney kéde pé òun yóò ra Marvel ní bílíọ̀nù 4 dọ́là. Ipò tí a wá bá ara wa ni pé Sony ló ni eré, àwọn àwòrán àti ohùn tó wà nínú rẹ̀, kò sì ní ẹ̀tọ́ mọ́ láti fi Spider-Man ṣe abala kan sí i. Marvel ní ẹ̀tọ́ láti ṣe kàtúùnù, ṣùgbọ́n eré yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ẹni tó lè parí rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnì kejì. Marvel ṣe ohun tí oníṣòwò yóò ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ tuntun, Ultimate Spider-Man sì jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2012. Kò sí ẹni tó fagi lé The Spectacular Spider-Man nítorí pé a kò wò ó. Ìwé àdéhùn ló pín in sí méjì.

Ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé tún wà níbẹ̀, kò sì gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀pọ̀ kàtúùnù akọni abàmì ni wọ́n ń fi owó iléeṣẹ́ tó ń ṣe bèbí ṣe, tàbí tí wọ́n ń retí pé èrè bèbí yóò gbé e ró. Kàtúùnù Green Lantern tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011 ko àgbákò sinimá Green Lantern ọdún náà: bèbí sinimá ọ̀hún kún ilé ìtajà láìrí olùrà, nígbà tí ti kàtúùnù sì dé, àwọn oníṣòwò sọ pé àwọn kò fẹ́ Green Lantern mọ́. Young Justice, kàtúùnù mìíràn, náà jìyà irú rẹ̀, nítorí bèbí Mattel tó dúró lé lórí kò tà. Ọjọ́ kan náà ni eré méjèèjì parí, ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọdún 2013, pẹ̀lú ìtàn tó kù nílẹ̀ fún wọn. Young Justice rí àyè padà ní ọdún 2019, lẹ́yìn tí àwọn òǹwòran ti pariwo fún ọdún mélòó kan. Green Lantern kò padà.

Nígbà tí fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀pọ̀ rò pé ìṣòro yìí ti tán. Kò sí pé a ń dúró de àárọ̀ Sátidé mọ́, kò sì pọn dandan kí bèbí tà kí owó tó wọlé. Ohun tó tẹ̀lé e fi hàn pé ìdí ikú nìkan ló yí padà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2019, Marvel Television àti Hulu, ìkànnì fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, kéde kàtúùnù mẹ́rin fún àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan náà: M.O.D.O.K., Hit-Monkey, Tigra & Dazzler àti Howard the Duck. Kevin Smith, olùdarí sinimá, wà nídìí Howard the Duck pẹ̀lú Dave Willis; Chelsea Handler, apanilẹ́rìn-ín, wà nídìí Tigra & Dazzler. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò wá pàdé nínú eré ìkarùn-ún tí a ó pè ní The Offenders. Ètò náà dára lójú, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Kevin Feige, olórí Marvel Studios tó ń ṣe sinimá, gba àṣẹ lórí gbogbo ohun tí Marvel ń dá sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá, wọ́n ti fa Marvel Television wọ inú iléeṣẹ́ tirẹ̀. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́. Nínú oṣù Kejìlá yẹn náà ni wọ́n dá àwọn òǹkọ̀wé Tigra & Dazzler dúró, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 ni wọ́n fagi lé òun, Howard the Duck àti The Offenders pátápátá. Àwọn méjì tó ti jìnnà lójú iṣẹ́, M.O.D.O.K. àti Hit-Monkey, ni wọ́n jẹ́ kó jáde ní ọdún 2021. Ẹni tó bá wo M.O.D.O.K. lónìí ń wo ọ̀kan nínú àwọn òpó ilé tí wọn kò bo òrùlé rẹ̀.

Ọdún 2022 ló wá mú ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn tí kò ka kọ́míìkì rí. Ní oṣù Kẹrin, WarnerMedia àti Discovery di iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, Warner Bros. Discovery, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù 50 dọ́là. Ní oṣù Kẹjọ, David Zaslav, ọ̀gá àgbà rẹ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣàkóso kéde pé Batgirl, sinimá tí wọ́n ti ná nǹkan bí mílíọ̀nù 90 dọ́là lé lórí, tí wọ́n ti ya tán, kò ní jáde níbikíbi. Batgirl kì í ṣe kàtúùnù, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni ó yẹ kí á fi lóye ti àwọn kàtúùnù. Bí iléeṣẹ́ bá gba iléeṣẹ́ mìíràn, àyè máa ń wà fún un láti sọ pé àwọn ohun ìní kan tí òun bá nílẹ̀ kò wúlò fún òun mọ́. Owó tí a ti ná sórí wọn yóò di àdánù nínú ìwé ìṣirò, àdánù yìí yóò dín èrè tí ìjọba ń gba owó orí lé lórí kù. Àmọ́ ẹni tó bá ti kọ nǹkan sílẹ̀ pé ó ti ṣòfò kò tún lè gbé e jáde lọ́la kó máa fi pa owó. Bí sinimá odindi ṣe ń wọ inú àpótí tí a ó ti pa nìyẹn, tí kò sì sí ẹni tí yóò rí i.

Lẹ́yìn Batgirl, nínú oṣù Kẹjọ kan náà, HBO Max, ìkànnì fídíò iléeṣẹ́ náà, sọ pé òun kò fẹ́ eré àwòrán mẹ́fà mọ́. Méjì nínú wọn jẹ́ ti Batman: Batman: Caped Crusader àti Merry Little Batman. Ti àkọ́kọ́ yẹn ya ènìyàn lẹ́nu gidi gan-an. Bruce Timm, tó wà lára àwọn tó ṣe kàtúùnù Batman ọdún 1992 tí gbogbo ayé ṣì ń yìn, ló wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú J.J. Abrams àti Matt Reeves. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ bí òfò bí wọ́n ti ṣe Batgirl. Wọ́n ní kí wọ́n wá olùrà fún wọn níbòmíràn. Amazon ra àwọn méjèèjì. Merry Little Batman jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Caped Crusader sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ wo Batman tuntun Bruce Timm ní láti san owó fún Amazon, nígbà tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ tó ni Batman ní ìkànnì tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ti Caped Crusader wé ti Deadpool àwọn Glover. Àwọn méjèèjì pàdánù ilé tó yẹ kó gbà wọ́n. Caped Crusader rí ibòmíràn lọ nítorí pé Warner, tó ni akọni náà, fẹ́ tà á. Deadpool kò rí ibì kankan lọ nítorí pé Marvel kò fẹ́. FX ìbá fẹ́ ẹ títí di ọ̀la, kò sí ohun tí ìyẹn yóò yí padà.

Àwọn tí a kì í sábà mẹ́nu bà nínú gbogbo èyí ni àwọn ayàwòrán. Kí ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí akọni ńlá, yóò fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní fi ohunkóhun han ẹnikẹ́ni kí eré tó jáde. Bí eré kò bá wá jáde ńkọ́? Ìwé náà ṣì dúró. Ẹni tó fi ọdún kan tàbí méjì ya akọni lè débi iṣẹ́ mìíràn láìní àwòrán kan láti fi hàn pé òun ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò ní sí ní ìparí eré kankan, nítorí pé kò sí eré. Ní ojú tèmi, ìdí pàtàkì tí àwòrán irú àwọn kàtúùnù wọ̀nyí fi ń jò sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọdún púpọ̀ nìyí. Àwọn agbẹjọ́rò ń wò ó bí olè jíjà. Ẹni tó yà á ń wò ó bí ẹ̀rí pé òun wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ wa ní ọ̀nà kan tó tọ́ kí á mẹ́nu bà. Roye Okupe, ọmọ Èkó tó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2002, kò kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ìwé kọ́míìkì. Kàtúùnù ló fẹ́ ṣe, nípa Wale Williams, akọni ọmọ Nàìjíríà tó wọ aṣọ abàmì. Ó gbé èrò rẹ̀ lọ bá àwọn oníléeṣẹ́, wọn kò gbà pé akọni láti Áfíríkà lè mówó wọlé, owó tí eré náà ìbá sì ná kì í ṣe èyí tí ènìyàn kan lè dá gbé. Ó dá YouNeek Studios sílẹ̀ ní ọdún 2012, ó tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ lórí Kickstarter, ó sì gbé ìtàn náà jáde ní ọdún 2015 bí ìwé, E.X.O.: The Legend of Wale Williams. Kàtúùnù tí kò ṣeé ṣe ló di kọ́míìkì.

Ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti àwọn Glover kò sí nínú ẹ̀bùn tàbí òkìkí, nítorí òkìkí àwọn Glover ju tirẹ̀ lọ jìnnà. Okupe ló ni Wale Williams. Nígbà tí wọ́n kọ kàtúùnù rẹ̀, ohun tó kù sí i lọ́wọ́ kì í ṣe bébà tí òfin kò ní jẹ́ kó fi han ẹnikẹ́ni. Odindi ìtàn ló kù, ó sì lè gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Láti ibẹ̀ ló ti kọ Iyanu, ìtàn ọmọbìnrin kan tí agbára àwọn ẹni àtijọ́ jí nínú rẹ̀, tí ayé inú rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá láti orí orúkọ dé orí aṣọ. Dark Horse, iléeṣẹ́ tó ń tẹ kọ́míìkì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 2021. Iléeṣẹ́ Lion Forge sọ ọ́ di kàtúùnù, àwọn olówó mìíràn bíi Impact X Capital sì dá owó sí i, nítorí náà kò jókòó lé owó ẹnì kan ṣoṣo. Cartoon Network àti HBO Max ni wọ́n ṣètò pé yóò ti jáde, ìyẹn inú ilé tí ìjì ọdún 2022 ti jà gan-an. Ìjì náà kọjá, Iyanu ṣì dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Èmi kò ní sọ pé ọ̀nà tí owó rẹ̀ gbà wọlé nìkan ló gbà á là, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti pa eré tí àwọn ẹlòmíràn ti ná owó wọn sí, tí ẹni tó kọ ọ́ sì ni akọni inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé Warner kò parí síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Netflix kéde pé òun ti bá Warner Bros. Discovery ṣàdéhùn láti ra ilé sinimá Warner Bros. àti HBO Max. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Paramount, tí Skydance fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, gbé owó tirẹ̀ tọ àwọn onípìn-ín lọ, ó ní òun fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ pátá. Ní ọwọ́ ẹni tó bá gbà á níkẹyìn ni Batman, Superman àti Wonder Woman yóò bọ́ sí, àti gbogbo ìwé eré tí àwọn ènìyàn ti kọ fún wọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà.